Odò Tí Ó Ń Tan Iná fún Libreville

Iná mànàmáná dàbí ọmọ tí gbogbo ilé fẹ́ràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ohun tí ó jẹ. A fi ìka tẹ ara ògiri, ìmọ́lẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ìtàn Libreville, olú ìlú Gabon, fi hàn pé ọ̀rọ̀ kì í bùṣe níbẹ̀.

Ní 1849 ni àwọn Faransé tẹ ìlú náà dó fún àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Elizia; ìdí nìyí tí a fi sọ ọ́ ní Ìlú Òmìnira. Ẹ̀bá ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba ni ó wà, nítorí náà ọ̀sán àti òru rẹ̀ dọ́gba yípo ọdún. Bí oòrùn bá ti wọ̀, òkùnkùn yóò jọba fún nǹkan bí wákàtí méjìlá. Ẹni tí kò ní ju fìtílà lọ kò lè fi ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ohun púpọ̀.

Nígbà tí Gabon gba òmìnira ní 1960, nǹkan bí 30,000 ni àwọn ará Libreville. Bí owó igi gẹdú àti ti epo rọ̀bì ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni èrò ń wọ́ wá. Ní 1973 ni ibùdó iná Kinguélé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí odò Mbei, láàárín igbó àwọn òkè Cristal. Ní 1980, ti Tchimbélé tẹ̀ lé e lápá òkè odò kan náà. Wọ́n sé odò, omi ń já wálẹ̀, ó ń yí ẹ̀rọ, wáyà sì ń gbé iná la igbó kọjá wọ ìlú.

Òru wá di ọmọ ìyá ọ̀sán. Ẹja tí a kò tà tán lónìí lè sùn nínú yìnyín di ọ̀la. Aránṣọ ń wa ẹ̀rọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Àwọn oníṣòwò, tí ọmọ Yorùbá láti Benin àti Nigeria wà lára wọn, kò sáré palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ nítorí pé ilẹ̀ ṣú. Akẹ́kọ̀ọ́ kò fa èéfín fìtílà símú mọ́ kí ó tó ka ìwé.

Ṣùgbọ́n iná kò mọ ojú gbogbo ènìyàn bákan náà. Ní àwọn àdúgbò mẹ̀kúnnù tí wọ́n ń pè ní matiti, wáyà tín-ín-rín ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì, ewu sì ń bá a rìn. Nígbà tí yóò fi di 2013, iye ará ìlú ti lé ní 700,000. Odò kò pọ̀ sí i bí èrò ti ń pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi fà, agbára iná a dínkù. Ní 2024, iná ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí; ní 2025, ìjọba ní láti gba iná láti inú ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Turkey tí ó gúnlẹ̀ sí etíkun.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú tí ó gbàgbé odò náà ńkọ́? Ó yẹ kí olùkọ́ tọ́ka sí gílóòbù tí ó wà lókè orí àwọn ọmọ, kí ó sì bi wọ́n léèrè pé: omi wo ni ó tan èyí, ta ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀?