Etí Tí Ń Gbọ́ Ìbòòsí

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí iná bá ń jó ilé, bí olè bá wọlé, tàbí bí ọmọdé bá kó sí kànga, ohun àkọ́kọ́ tí a ń ṣe ni pé kí a figbe ta: 'Ẹ gbà mí o! Ará àdúgbò, ẹ gbà mí o!' Bí a bá wo igbe yìí dáadáa, a óò rí i pé ó ní ẹni tí a ń ké sí nínú, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ ibi kankan. Ẹni tí ń ké kò sọ ibi tí ó wà. Kò sì nílò láti sọ ọ́, nítorí pé ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò tẹ̀lé ohùn náà débẹ̀. Etí tí ó gbọ́ àti ẹsẹ̀ tí yóò sáré, ara ẹnì kan náà ni méjèèjì wà.

N kò fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí rí títí di ọdún 2023, nígbà tí mo lọ kí ọmọ àbúrò mi obìnrin ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọwọ́ mi ni ọmọ yìí ti dàgbà. Ọmọ ogun ilẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀. Òun alára kì í ṣe sójà, ṣùgbọ́n inú bárékè ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń gbé fóònù nígbà tí àwọn ènìyàn bá pe 911, tí ó ń gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tí ó sì ń rán panápaná, ọlọ́pàá ológun tàbí ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn sí wọn. Èmi kò wọ inú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí àlejò débẹ̀. Ìdí tábìlì oúnjẹ ni ó ti ròyìn rẹ̀ fún mi, nígbà tí ó bá ti ibi iṣẹ́ wákàtí méjìlá dé, tí oorun kò sì tí ì kùn ún.

Èmi ti rò pé ìró ìbọn àti ọ̀rọ̀ ogun ni yóò máa gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ìlú ni bárékè o. Ìyàwó ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ń bẹ níbẹ̀, ilé ìwé ń bẹ, ṣọ́ọ̀bù ń bẹ.' Ohun tí gbogbo ìlú ń gbọ́ ni òun náà ń gbọ́: epo gbiná lórí ààrò, ọmọ gbé nǹkan mì, àgbàlagbà ṣubú ní balùwẹ̀, tọkọtaya ń jà. Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn rẹ̀ ni ti ọmọ ogun tí ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lóru, tí ayé ti sú, tí ó sì pè láti sọ ibi tí wọn yóò ti rí òkú òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kì í jẹ́ kí ó gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni a fi ń so ó mọ́ ayé títí àwọn tí a rán yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

'Níbo?' ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó ń jáde lẹ́nu ọmọ mi. 'Ta ni?' àti 'Kí ló ṣẹlẹ̀?' ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí ni pé bí fóònù bá já lẹ́yìn tí ó ti mọ ibẹ̀, yóò lè rán ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ gbogbo ìtàn tí kò mọ ibẹ̀, òfo ni. Láti 16 oṣù kejì ọdún 1968, tí wọ́n kọ́kọ́ pe 911 ní ìlú Haleyville ní ìpínlẹ̀ Alabama, ẹ̀rọ ti gbọ́n sí i púpọ̀, síbẹ̀ fóònù alágbèéká ṣì lè tan ènìyàn jẹ. Òpó tí ó bá gbé ohùn ni ó ń pinnu ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ẹni tí ó wà nínú bárékè lè pè, kí ìpè náà bọ́ sí etí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tí ó wà lẹ́yìn ọgbà. Ẹni tí ó wà lójú títì lóde lè pè, kí ó bọ́ sí etí ọmọ mi. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá inú ọgbà ni tàbí ẹ̀yìn ọgbà, kí ó darí ìpè náà síbi tí ó yẹ, kí ó sì sọ fún àwọn aṣọ́bodè kí wọ́n má dá ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti ìlú dúró.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ilé nínú bárékè, ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sì í sábà mọ nọ́ńbà ilé tí òun ń sùn. Níbí ni ọmọ mi ti ń lo ọgbọ́n Èkó. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rántí bí a ṣe ń júwe ilé wa? Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́rọ ata, ojúkojú ìyá alákàrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bi wọ́n: Kí lẹ ń rí? Kí lẹ ń gbọ́? Ibo lẹ ti jẹun kẹ́yìn?'

Mo bi í léèrè ohun tí ó nira jù nínú iṣẹ́ náà. Ó ronú díẹ̀, ó ní, 'Etí ni mí, mi ò lẹ́sẹ̀.' Bí ó ti wù kí igbe náà pọ̀ tó, kò gbọdọ̀ dìde lórí àga. Nígbà tí àwọn tí ó rán bá sì dé ibẹ̀, ìpè náà parí nìyẹn, òmíràn a wọlé. Kì í sábà mọ bí ọ̀rọ̀ ti já sí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwa tí a fi àlọ́ tọ́ dàgbà, tí a kì í gbà láti sùn àfi bí a bá gbọ́ òpin ìtàn ìjàpá, ẹ wo irú ìyà tí èyí jẹ́: kí ènìyàn máa gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn lójoojúmọ́, kí ó má gbọ́ òpin rẹ̀.

Ó sọ ìtàn kan fún mi tí òun gbọ́ òpin rẹ̀. Ohùn obìnrin àgbàlagbà kan ni ó bọ́ sí i létí lọ́sàn-án ọjọ́ kan: 'Yéè! Ẹ gbà mí o! Ọmọ ọlọ́mọ o!' Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣiṣẹ́ ogun níbẹ̀ ni, tí ó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Àwọn tí wọ́n jókòó ti ọmọ mi kò mọ èdè tí ìyá náà ń sọ. Òun dá a lóhùn pé, 'Ìyá mi, mo gbọ́ yín. Níbo lẹ wà?' Ó ní ìyá náà dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ní ọjà àjèjì. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, 'Ilé ọmọ mi ni.' 'Ẹ gbé ọmọ náà jáde síta, kí ẹ ka nọ́ńbà tí ó wà lára ilé fún mi.' Ó kà á. Nǹkan ti há ìkókó náà lọ́fun, kò lè sunkún, kò lè mí. Ọmọ mi ní, 'Ẹ jókòó. Ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀ sórí apá yín, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹ di àgbọ̀n rẹ̀ mú. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ kà á sókè kí n gbọ́.' Ìyá náà ń kà: 'Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin.' Kí ó tó ka àrún, igbe ọmọ gba inú fóònù.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi lé sí mi lójú. Òun náà dákẹ́. Àwa méjèèjì mọ ibi tí ìtàn náà gbé wa lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò dárúkọ ibẹ̀ fún ara wa láti ọdún mọ́kànlélógún.

Ọjọ́ Àìkú ni, 27 oṣù kìíní ọdún 2002. Òṣòdì ni a ń gbé nígbà náà, ọmọ yìí sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná ran ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà, àwọn bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí bú gbàmù. Ilẹ̀ ń mì, fèrèsé ń fọ́. A kò mọ̀ bóyá ogun ni tàbí pé àwọn sójà fẹ́ gbàjọba. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí gbogbo ayé ń lò lónìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ní in, a kò sì mọ ẹni tí à bá pè. Gbogbo wa ni a ń ké 'Ẹ gbà wá o!', ẹni tí ó yẹ kí ó gbọ́ náà sì ń sá lọ. Ẹ̀yìn ẹni tí ó wà níwájú ni oníkálukú ń tẹ̀lé. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé ìtòsí kànáàlì Òkè-Afá. Ewéko ti bo ojú omi náà, ó dà bí pápá lásán. Ọmọkùnrin onílé wa, ọmọ ọdún méjìlá, ń sáré lọ níwájú wa. Ni a bá gbọ́ ohùn obìnrin kan láti inú òkùnkùn: 'Ẹ má gba ibẹ̀! Omi ni! Ẹ yà sọ́tùn-ún!' Mo dúró. Mo fa ọmọ àbúrò mi mọ́ra. Mo la ẹnu láti pe ọmọ onílé wa ní orúkọ rẹ̀, ohùn kò jáde. Èmi tí mo ń fi ohùn jẹun nínú kíláàsì! Mo yà sọ́tùn-ún, mo sì sá lọ. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún (1,000) ènìyàn tí ó bá àjálù ọjọ́ náà lọ, omi Òkè-Afá ni ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ onílé wa wà lára wọn. Obìnrin tí ó gba àwa là, n kò rí ojú rẹ̀, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀ di òní.

Ọmọ mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí tábìlì náà. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, mo rí yín nígbà tí ẹ la ẹnu.'

Mo ní, 'Ohùn kò jáde.'

Ó ní, 'Kì í jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀rù a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ìbéèrè wa sílẹ̀ fún wa, kí ẹnu lè rí ohun tí yóò sọ nígbà tí ọkàn bá ti sá lọ. Wọn ò bí i mọ́ ẹnikẹ́ni, Bọ̀ọ̀dá. A kọ́ ọ ni.'

Ọ̀rọ̀ yìí kò wẹ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n ó fún mi ní iṣẹ́ ṣe. Àwọn baba wa fi igbe tí ó bá àdúgbò wọn mu lé wa lọ́wọ́, níbi tí etí kò ti jìnnà sí ẹnu. Àdúgbò tiwa ti fẹ̀ ju ibi tí ohùn lè dé lọ. Ní Èkó lónìí, 112 àti 767 ni nọ́ńbà tí a ń pè bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa, bí a bá pè, a óò kọ́kọ́ kí ẹni tí ó gbé e, a óò ké, a óò ròyìn, fóònù yóò sì já kí a tó sọ ibi tí a wà. Ìkíni dára, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀mí bá ti fẹ́ bọ́, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ibi tí a wà kí a tó kí ara wa. Kò sí àgbà tí yóò pe ìyẹn ní àfojúdi.

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, iṣẹ́ kan wà tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Mo máa ń ní kí wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ohùn òkè júwe ilé wọn ní Yorùbá tí ó já gaara, kí n tó ka ogún. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ń tọ́ka sí ibi ni. Bí ó bá kan ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde, mo máa ń ní kí ó jókòó, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì tún dìde. N kì í jẹ́ kí ó kúrò ní kíláàsì títí ohùn náà yóò fi jáde.