Ìwé Kan Péré Ni Johnson Kọ

Àsìkò àpilẹ̀kọ àṣekágbá ti dé, ọ̀rọ̀ kan sì ń jà ràn-ìn láàárín wa: orúkọ ta ni ká kọ sẹ́yìn iṣẹ́ wa, ta ni yóò sì dárúkọ tiwa lọ́la?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá tẹ orúkọ onímọ̀ kan sórí Google Scholar, iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò hàn sí yín. Ẹni tó ń wá egungun ẹranko ayé àtijọ́ nínú àpáta, oníṣègùn, onímọ̀ èdè, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wọn gbogbo wọn. Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì kan ní Kalifọ́níà, gbé èyí tí wọ́n ń pè ní h-index jáde. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí onímọ̀ bá ní iṣẹ́ mẹ́wàá, tí wọ́n sì ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà mẹ́wàá ó kéré tán, h-index rẹ̀ dé 10. Ẹni tó kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè kọjá 1, ì báà jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń dárúkọ iṣẹ́ náà.

Ibẹ̀ la ti rántí Àlùfáà Samuel Johnson. Nílùú Ọ̀yọ́ tó ti ń ṣe àlùfáà ló ti parí ìwé The History of the Yorubas ní ọdún 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé nílùú òyìnbó, ni ìwé àfọwọ́kọ náà bá sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ jọ, tó sì tún ìwé náà kọ. Ọdún 1921 ló tó jáde.

Bí a bá gbé Johnson lé òṣùwọ̀n Hirsch, 1 ni yóò gbà. Bẹ́ẹ̀, ta ló lè kọ ìtàn Ọ̀yọ́ tí kò ní kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Robin Law kọ ìwé lórí ìjọba Ọ̀yọ́ ní 1977, Johnson wà nínú rẹ̀ káàkiri. Babatunde Agiri tún ìtàn Ọ̀yọ́ àtijọ́ yẹ̀ wò ní 1975, ó sì bá Johnson jiyàn. Ẹni tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ àti ẹni tó ta kò ó, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká dé Ògbómọ̀ṣọ́ wàyí. Ní 1934, N. D. Oyerinde tẹ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson fi kọ tirẹ̀. Yorùbá ni Oyerinde fi kọ tirẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò sì lè tọ́ka sí ohun tí kò lè kà. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Yorùbá la ó fi kọ iṣẹ́ tiwa. Àwọn kan nínú wa fẹ́ lọ gba oyè kejì lókè òkun, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ń yẹ ìwé wọn wò kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán.

Ṣùgbọ́n ìtọ́kasí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹsẹ Ifá máa ń dárúkọ awo tó dífá àti ẹni tí wọ́n dá a fún. "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní" tí à ń sọ kí a tó pa òwe, ìtọ́kasí ni. Johnson fúnra rẹ̀ dárúkọ àwọn tó sọ ìtàn fún un nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, Tìmì Lágunjú ti Ẹdẹ wà lára wọn. Ó sì sọ̀rọ̀ àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, tó jẹ́ pé inú wọn ni ilé ìkàwé wọn wà.

Nígbà tí a lọ gba oríkì sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá àgbàlagbà kan ki oríkì ìdílé rẹ̀ fún wa títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí a ṣe dọ̀bálẹ̀, tí a kúnlẹ̀, tí a fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ó dárúkọ mi níbẹ̀?" A ní, "A ó dárúkọ yín, bàbá." Kò béèrè iye ìgbà.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Yorùbá la ó fi kọ ọ́. Àkótán lédè Gẹ̀ẹ́sì yóò wà níwájú, kí ẹni tó jìnnà lè rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún wa, tó sì gbà kí a dárúkọ òun, orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a bá a sọ̀rọ̀ yóò wà láàárín àwọn ìwé tí a tọ́ka sí, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nìkan.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, bí iṣẹ́ yín bá ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síta. A ń wá ẹni tí a ó tọ́ka sí.