Ibi Tí Ayàwòrán Dúró Sí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìsúnmọ́ni là ń mọ ìṣe ẹni. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí láàrin ènìyàn sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ láàrin ènìyàn àti ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹ̀rọ tí ó bá sún mọ́ ènìyàn jù kì í fi ẹni náà hàn bí ó ti rí. Ṣe ni ó máa ń sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Ìyá àgbàlagbà kan ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Ní ọdún 2006, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè M.A., ẹkún ìyàwó ni mo ń gbà sílẹ̀ ní ìletò kan ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ìyá tí mo ń wí yìí wà lára àwọn tí wọ́n sun ẹkún náà fún mi. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ ó rántí ẹkún tí ó sun ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré kan lọ́wọ́, irú èyí tí kì í lo fíìmù, tí ènìyàn lè tì bọ àpò. Inú iyàrá ìyá ṣókùnkùn díẹ̀, iná ara ẹ̀rọ náà kò sì lágbára. Nítorí náà, mo sún mọ́ ìyá níbi tí ó jókòó sí lórí ẹní, mo dúró lé e lórí, mo na ọwọ́ síwájú, mo sì ya àwòrán rẹ̀. Kí n tó máa lọ, mo tún ya òmíràn ní àgbàlá, níbi tí òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbé bọ́ọ̀lù dání. Ní ti èyí, ẹ̀yìn ni mo fi rìn títí mo fi kan ògiri kí gbogbo wọn tó wọ inú àwòrán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo kó àwòrán méjèèjì tí a ti tẹ̀ sórí ìwé lọ fún wọn. Ìyá gbé ti àkọ́kọ́ sún mọ́ ojú, ó wò ó títí.

"Ọmọ mi, ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi kọ́. Imú ta ni èyí? Etí mi dà? Ṣé bí ẹsẹ̀ mi ṣe kéré tó nìyí, bí ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́?"

Àwọn ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú èkejì. Nínú ìyẹn, gbogbo wọn ti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì kúrú, bí ẹni pé ẹnìkan fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láti òkè. Ó dá méjèèjì padà fún mi. "Lọ tún un yà, ọmọ mi. N kò fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ mí rò pé bí mo ṣe rí nìyí." Mo ṣèlérí pé n óò padà wá.

Ẹ̀rọ ni mo dá lẹ́bi. Mo gbé e tọ àgbà ayàwòrán kan lọ, ẹni tí ó ti ń fi fíìmù ṣiṣẹ́ tipẹ́ kí irú ẹ̀rọ yìí tó dé. Kò tilẹ̀ tú u. Ó gbé ọmọrí ìkòkò kọ́ ara ògiri, ó ní kí n dojú ẹ̀rọ kọ ọ́ tààrà, kí ọmọrí náà sì wà ní àárín gbùngbùn àwòrán. Nígbà tí a wò ó lójú ẹ̀rọ, róbótó ni ọmọrí náà rí, kò gùn, kò sì fẹ̀. "Tíṣà, ẹ̀rọ yín kò ní àrùn kankan," ni ó wí. "Ibi tí ẹ dúró sí ni kí ẹ yẹ̀ wò."

Ó wá ṣe àlàyé fún mi. Imú ènìyàn fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 ṣáájú etí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí imú, yóò wà ní 52 sí etí. Ohun tí ó bá sì sún mọ́ ẹ̀rọ ni ó máa ń tóbi jù nínú àwòrán. Nípa báyìí, imú yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tóbi ju bí ó ti yẹ lọ bí a bá fi í wé etí. Ṣùgbọ́n bí a bá sún sẹ́yìn tó mítà 2, sẹ̀ǹtímítà 200 ni imú yóò jìnnà sí ẹ̀rọ, etí yóò sì jìnnà ní 212. Àlékún náà kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́, ojú kò sì ní fura. Ìdí kan náà ni ẹsẹ̀ ìyá fi kéré: mo dúró lé e lórí, orí rẹ̀ wà nítòsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jìnnà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí a sún sẹ́yìn, kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú ẹ̀rọ yóò fi bá àyà tàbí ojú ẹni tí a ń yà dọ́gba, lẹ́yìn náà kí a fi súùmù fa àwòrán náà sún mọ́ wa. Kì í ṣe súùmù ni ó ń tún ojú ṣe o, ìjìnnà ni. Iṣẹ́ súùmù ni láti jẹ́ kí ẹni tí a ti jìnnà sí kún inú àwòrán. Súùmù tí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ń ṣe ni ó dára, nítorí èyí tí ẹ̀rọ kàn fi ń fẹ àárín àwòrán lójú máa ń mú un ṣú.

Ó tún kìlọ̀ nípa ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Bí lẹ́ǹsì bá fẹ̀ dé ìwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ń pè ní 28mm, orí ẹni tí ó dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀tún tàbí òsì lè gùn síta tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Nítorí náà, a kì í fi àgbà sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán.

Mo gbọ́ gbogbo èyí, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n mo ń fi òní dónìí, mo ń fi ọ̀la dọ́la, n kò padà sí ìletò náà. Ní ọdún 2009, ọmọ ìyá pè mí lórí fóònù. Ìyá ti papòdà. Wọ́n ń fẹ́ àwòrán tí wọn yóò fi sí ìwé ètò ìsìnkú, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó yà á ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ àyàfi èmi.

Mo ṣí àwọn àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà. Ti inú iyàrá kò ní àtúnṣe. Etí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti bò nítorí ìtòsí kò sí nínú àwòrán rárá. Kò sì sí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó lè dá ohun tí ẹ̀rọ kò rí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ti àgbàlá, ẹnu yà mí. Kò sí ẹni tí ó fẹ̀ níbẹ̀. Mo mú èyí tí a tẹ̀ sórí ìwé, mo fi wé e. Bọ́ọ̀lù ọwọ́ ọmọ yẹn ni ó tú àṣírí: róbótó ni lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí ẹyin tí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni ó rí lórí ìwé.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣírò rẹ̀. Àwòrán inú ẹ̀rọ mi jẹ́ 2048 ní ìbú àti 1536 ní gíga, èyí ni pé ìbú rẹ̀ jẹ́ 4 bí gíga bá jẹ́ 3. Ìwé tí a tẹ̀ ẹ́ sí jẹ́ íǹṣì 6 sí 4, èyí ni pé ìbú jẹ́ 3 bí gíga bá jẹ́ 2. Méjèèjì kò bára mu. Ó yẹ kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ gé díẹ̀ kúrò lókè àti nísàlẹ̀, tàbí kí ó fi àyè funfun sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó fa àwòrán gbòòrò kí ó lè kún ìwé, ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kún ìbú gbogbo wọn. Mo tún un tẹ̀, mo fi àyè funfun sílẹ̀, mo sì gbé e lọ. Àkọ́bí ìyá gbà á, ó ní, "Ìyá wa gan-an nìyí," omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Odidi ọdún mẹ́ta ni àwòrán rere náà fi wà lọ́wọ́ mi tí mo pa á tì, ìyá kò sì rí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń rí àwòrán àgbà tí a ti fà gùn bí ọ̀pá, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fà lórí kọ̀ǹpútà dípò igun rẹ̀. Ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i bí ó bá kan iṣẹ́ ọnà. Àwọn agbẹ́gilére wa a máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe orí ère tóbi. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀. Nínú òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, èyí tí ó wà ní ilé ọnà ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ayaba tí ó dúró lẹ́yìn ọba ga ju ọba tí ó jókòó lọ fíìfíì. Ìtumọ̀ ni agbẹ́gilére fi sí i. Bí a bá lọ dúró lé irú ère bẹ́ẹ̀ lórí yà á, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ èyí tí ó jẹ́ ti agbẹ́gilére yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ti ayàwòrán?

Fóònù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yàwòrán lóde òní, lẹ́ǹsì rẹ̀ sì sábà máa ń fẹ̀, nítorí náà àṣìṣe mi ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é. Bí mo bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìwádìí, mo máa ń ní kí wọ́n sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó yàwòrán, kí wọ́n sì fi àwòrán náà han ẹni tí wọ́n yà kí a tó dágbére. Ojú ẹ̀rọ tèmi náà lè fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀ ní ọdún 2006. Ká ní mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi í han ìyá ní iyàrá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ni ìbá ní kí n sún sẹ́yìn.