Ọ̀nà òkè Gwoza lórí kẹ̀kẹ́ ológeere

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ ológeere gbogbo àgbáyé ní Kigali ní oṣù September 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá sí Áfíríkà, làwọn ọmọ wa ti ń da fọ́tò kẹ̀kẹ́ sójú ewé yìí. Àwọn tó wà ní Ítálì ń fi òkè Tuscany hàn wá, ọ̀nà eruku funfun tó ń lọ́ kiri láàárín oko àjàrà, abúlé kan lórí òkè yìí, òmíràn lórí òkè tọ̀hún. Wọ́n ní ìrìn kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ L'Eroica, láti 1997 ni wọ́n ti ń ṣe é, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, tí wọ́n bá ti ṣe é lẹ́yìn 1987 kò yẹ. Ẹ ò rí i pé à bá gbé Raleigh wa lọ!

Èyí tó mú wa kọ̀wé ni pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa níbí sọ pé àwọn fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ lọ sí Gwoza lákòókò ọyẹ́, pé àwọn á sùn ní Bama, kí àgbà tó bá mọ ọ̀nà náà júwe fún àwọn. Àwa la mọ̀ ọ́n. Àwa mẹ́rin la jọ ń ná an láti 1991 títí di 2012, ó ku àwa méjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ júwe rẹ̀ ná.

Láti Maiduguri dé Bama, bíi kìlómítà 70 ni, ẹ máa kọjá Konduga. Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Àwọn tó kàwé sọ pé Adágún Chad ìgbàanì fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa níbí, pé etí omi náà ni ilẹ̀ tó ga díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bama Ridge, tí títì gùn lé lórí. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè mọ̀ pé ó ga rárá, àfi nígbà òjò, tí omi bá dúró lórí ilẹ̀ dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí títì sì gbẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, atẹ́gùn ni òkè ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń gbá yín, iyanrìn á wọ ojú, á wọ ṣéènì, ẹ̀gún tó wà nílẹ̀ á sì jẹ túùbù yín ní àjẹtúnjẹ. Ẹni tí kò bá gbé pọ́ǹpù àti sòlúṣọ̀n dání, ẹsẹ̀ ló máa fi dé.

Ní Bama, odò Yedseram wà níbẹ̀, iyanrìn lásán ni lọ́gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan bí ìkùukùu níwájú. Kò ní kúrò lójú kan. Òkè Mandara nìyẹn. Igbó Sambisa wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òkè lọ́wọ́ òsì, títí ẹ ó fi dé Pulka, kí ẹ tó wá dé Gwoza. Gbogbo rẹ̀ láti Maiduguri, bíi kìlómítà 135.

Títì nìyẹn o. Ọ̀nà tiwa gan-an kì í ṣe orí títì. A máa ń gbé kẹ̀kẹ́ sórí ọkọ̀ ẹrù dé Pulka, a ó wá di ọjà sórí káríà: àńkárá, abẹ́rẹ́, òwú, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ. Láti Pulka, ọ̀nà kan yípo lọ sí Ngoshe, ó ń bá ìdí òkè lọ títí dé Ashigashiya tó wà lẹ́nu ibodè Kamẹrúùnù. Ọ̀nà òkúta ni. Tí ẹ bá gùn ún dé ibi tí èémí ti fẹ́ tán, ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó máa tì í. Raleigh kò ní jíà. Gígùn kò ba èèyàn lẹ́rù tó sísọ̀kalẹ̀. Bíréèkì náà, rọ́bà kékeré ló ń fún irin táyà, tí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, rọ́bà á gbóná, kò ní mú nǹkan kan mọ́. Ìsàlẹ̀ sílípáàsì la fi ń tẹ táyà iwájú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tó gbà wá nìyẹn fún ogún ọdún.

Àwọn abúlé mìíràn, bíi Guduf, òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, kẹ̀kẹ́ kò débẹ̀. Ẹ ó fi kẹ̀kẹ́ sílé ẹnì kan nísàlẹ̀, ẹ ó ru ọjà lórí. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè ni ẹ máa rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn yìí: òkúta tí wọ́n tò ní ìpele ìpele yí òkè ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè téńté, kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ lọ, wọ́n á wá gbin ọkà bàbà sórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba ńlá wọn ló tò ó, àwọn ọmọ ń tún un ṣe lọ́dọọdún. A ti rí fọ́tò oko orí òkè Ítálì tí ẹ fi síbí, a ò rí èyí tó jù ú lọ.

Àwìn la ń tà. Ẹ mọ àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi sanwó. Àwa ò lóṣòó rí. Níbo lèèyàn fẹ́ lóṣòó sí lórí òkúta? Ìwé la ní. A kọ orúkọ, a kọ abúlé, a kọ ohun tó rà, tí wọ́n bá kórè ọkà a ó padà wá. Ẹlòmíràn á san ẹ̀pà, ẹlòmíràn á fa ewúrẹ́ wá. Gbèsè tó bọ́ sọnù kò tó nǹkan. "Bayarabe mai keke" ni wọ́n ń pè wá. Hausa náà ń pè é ní kèké. Bóyá lọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un àbí lọ́dọ̀ wọn la ti mú un, a ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní 1998 ẹnìkan nínú wa já bọ́ nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ngoshe, apá rẹ̀ ṣẹ́. Bàbá kan tó ń to eegun lábúlé ló tò ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nílé bàbá yẹn. Wọ́n ń fún un ní kunu láàárọ̀, wọ́n ń fún un ní tùwó lálẹ́. Nígbà tí a dé láti wá mú un, a ka ẹrù rẹ̀: bátìrì 48 ló gbé lọ, 48 la bá. Wọn ò gba kọ́bọ̀.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 2011 ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní Maiduguri, kẹ̀kẹ́ ológeere wá padà di ọba láàárín ìgboro, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko ti ń bàjẹ́ lọ. Ní August 2014 Boko Haram gba Gwoza, wọ́n kéde ìjọba tiwọn níbẹ̀. Bama bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní September. March 2015 làwọn sójà tó gba méjèèjì padà. Àwọn èèyàn òkè ti fọ́n ká, àwọn kan sá sí Minawao ní Kamẹrúùnù, àwọn kan wá bá wa ní Maiduguri níbí.

Ní 2016, obìnrin kan láti Ngoshe wá bá wa nínú ọjà Monday. Àgọ́ Bakassi ló ń gbé. A ò tètè dá a mọ̀, ó ti rù. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó kó 1,200 náírà jáde, ó ní owó àńkárá méjì tí òun rà ní 2012 nìyẹn, òun ò fẹ́ kú sínú gbèsè Bayarabe. A ṣí ìwé, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. A gba 200 náírà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fa orúkọ náà rẹ́. Tí a bá ní a ò gba nǹkan kan, ìtìjú ni ì bá jẹ́ fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti Bakassi pa ní 2021, a ò rí i mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa mẹ́ta, ẹ má lọ o. Ẹ ní ọ̀nà ti ṣí. Òótọ́ ni, láti March 2018 ni wọ́n ti ṣí títì Bama padà fún ará ìlú. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á tètè dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, tí túùbù rẹ̀ bá jò lẹ́ẹ̀mejì péré, ilẹ̀ á ṣú u sáàárín Bama àti Pulka. Nígbà tiwa, tí ilẹ̀ bá ṣú, ilé tó bá sún mọ́ ọ̀nà la máa ń yà sí, wọ́n á bu omi, wọ́n á tẹ́ ẹní. Ta lẹ fẹ́ yà sílé rẹ̀ báyìí? Ta ló máa dá yín mọ̀? Ní Gwoza fúnra rẹ̀, ní 29 June 2024, bọ́ǹbù pa èèyàn níbi ìgbéyàwó. Tí òkè bá ń wù yín gùn, tí ẹ bá lọ sílé ní Kérésì, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín sí Iléṣà, kí ẹ gùn ún dé Ẹ̀fọ̀n Alààyè. Ẹ máa pe orúkọ ìyá yín kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ bá wa ṣe ohun kan. Orúkọ mọ́kànlá ló ṣì wà nínú ìwé wa tí a ò tíì fà rẹ́, ará Ngoshe, ará Guduf, ará Pulka. Tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni láti apá ibẹ̀, ní Maiduguri níbí o, ní Kamẹrúùnù o, ẹ sọ fún un pé àwọn Bayarabe oníkẹ̀kẹ́ ṣì wà nínú ọjà Monday. A ò bèèrè owó. Kó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé òun wà láàyè.