Ohun Tó Yẹ Kó Gba Ọwọ́ Alágbàtà

Ìkànnì ìjọ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti di ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń yà sí. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti ń mú ẹ̀kọ́ wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston ti ń wo àwòrán ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ilé. Ibẹ̀ náà ni àwọn kan ti ń kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà ránṣẹ́: ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò sùn nílé mọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀ fún. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wa jókòó láti fi ìkànnì náà sábẹ́ alágbàtà ọ̀fẹ́, àwọn ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí ló mú wa dúró rò ó. A ń kọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjọ, ilé ẹ̀kọ́ àti oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ ní Ìbàdàn kì í wọ mọ́tò lọ sí Kano nítorí àlùbọ́sà mẹ́ta. Ọjà Bódìjà ló ń lọ, nítorí àwọn alágbàtà ti kó o wá síbẹ̀ dè é. Iṣẹ́ tí content delivery network, tí wọ́n ń gé kúrú sí CDN, ń ṣe nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì wa dání wà ní Amẹ́ríkà. Bí arábìnrin kan ní Abẹ́òkúta bá tẹ orúkọ ìkànnì náà, ìbéèrè rẹ̀ yóò gba ìsàlẹ̀ òkun lọ, ìdáhùn yóò sì gba ibẹ̀ padà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé e nínú wáyà onígíláàsì ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ojú ìwé kan lè nílò ìlọ àti àbọ̀ púpọ̀ kó tó hàn tán. Alágbàtà a máa kó ẹ̀dà àwọn àwòrán àti fáìlì tí kì í yí padà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ káàkiri ayé, kí èyí tó sún mọ́ olùkàwé lè dá a lóhùn.

Ní ọdún 1998 ni Tom Leighton àti Daniel Lewin dá ilé iṣẹ́ Akamai sílẹ̀ ní Massachusetts fún irú iṣẹ́ yìí, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló sì ń sanwó rẹ̀. Ní 2010 ni Cloudflare bẹ̀rẹ̀, tó fi àyè ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ìkànnì kéékèèké. Ní 2014 ó fi HTTPS, tó ń di ọ̀rọ̀ bó ti ń rìn lọ, kún ọ̀fẹ́ náà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Ara àwọn tó ń sanwó ni wọ́n ti ń jèrè. Wọ́n ń retí pé àwọn kan nínú wa yóò dàgbà di oníbàárà, wọ́n sì ń ti ara ohun tó ń kọlu ìkànnì wa mọ bí wọn yóò ṣe dáàbò bo gbogbo ènìyàn.

A rí èrè rẹ̀. Àwòrán tó máa ń pẹ́ kó tó yọ lórí fóònù àwọn ìyá wa ti ń yára yọ. Ṣùgbọ́n alágbàtà ń gé ọ̀nà kúrú ni, kì í sọ ẹrù di fífúyẹ́. Àwa fúnra wa la ní láti dín ìwọ̀n àwòrán kù, kí dátà olùkàwé má bàa ṣòfò. Fídíò ìwàásù náà kò sí fún àyè ọ̀fẹ́ yẹn. Àdéhùn Cloudflare ní kí a lo iṣẹ́ tí a ń sanwó fún bí a bá fẹ́ gbé fídíò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibi tó ti wúwo nìyí. Kí alágbàtà tó lè ṣiṣẹ́, ẹnu ọ̀nà la ó fi í sí. Ọ̀rọ̀ tí olùkàwé dì ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti ń tú u, kó tó tún un dì wá sọ́dọ̀ wa. A kò sọ pé ó ń kà á. Ṣùgbọ́n àṣírí ẹni tó fọkàn tán wa kì í ṣe tiwa láti gbé gba ọwọ́ ẹnìkẹta tí onítọ̀hún kò mọ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 pàápàá ka ọ̀rọ̀ àìsàn àti ẹ̀sìn ènìyàn sí ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a kúkú pa fọ́ọ̀mù ẹ̀bẹ̀ náà rẹ́. A kò gbà, nítorí àwọn kan wà tí ẹnu wọn kò lè sọ ohun tí ọwọ́ wọn lè kọ. Dípò bẹ́ẹ̀, a gbé e sí orí kọ̀ǹpútà mìíràn tí a ń sanwó fún, tí a sì fọwọ́ sí àdéhùn lé lórí, ní àdírẹ́sì tí kò gba ọ̀dọ̀ alágbàtà. Kò yára tó ìyókù. A fara mọ́ ọn.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Polyfill.io jẹ́ ibi ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ti ń fa kóòdù. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àwọn olùwádìí rí i pé kóòdù náà ń darí àwọn tó ń lo fóònù lọ sí ìkànnì tẹ́tẹ́. Ìkànnì tó lé ní 100,000 ló ń lò ó. Nítorí náà, kóòdù tí ìkànnì wa ń lò, ilé wa ni a tọ́jú rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àṣìṣe kan nínú Cloudflare mú kí ọ̀pọ̀ ìkànnì, títí kan X àti ChatGPT, má ṣí fún wákàtí mélòó kan. Nítorí náà, a ṣì ní ìwé nọ́ńbà fóònù gbogbo ìdílé.

Ẹ̀yin tó ń bójú tó ìkànnì, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ ìjọ, kì í ṣe ti ọ̀dọ́ kan tó lè kó lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì mọ páásìwọ́ọ̀dù. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo sílé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ inú yín sí ìkànnì èyíkéyìí, títí kan tiwa, ẹ bi onílé léèrè ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀tọ́ yín ni kó dá yín lóhùn.