Nígbà Tí Kóòtù Ṣì Ń Rìn ní Ìgboro Lọ́ńdọ̀nù

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù, tí gbogbo ayé ń pè ní V&A, ṣí àfihàn kan tí wọ́n sọ ní Fashioning Masculinities. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n torí ẹ̀ pe èrò. Ìmúra bí 100 ni wọ́n pàtẹ, àwòrán àti ère sì wà láàárín wọn. Ọdún 1852 ni wọ́n ti dá ilé náà sílẹ̀, àmọ́ èyí ni àfihàn ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun tí ọkùnrin ń wọ̀. Inú mi dùn pé ó ṣẹlẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé aṣọ wọ̀nyẹn rìn ní ìgboro ti lọ kí oríyìn tó dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn télọ̀ Savile Row, títì àwọn aránṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbìyànjú láti jí àṣà ayé Ọba Edward Keje dìde: kóòtù gígùn, ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀. Àwọn ọlọ́lá àti ọ̀gágun ni wọ́n ń rán an fún. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi àrán sí kọ́là rẹ̀, wọ́n wọ bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn sí i, wọ́n sì gbé e lọ sóde ijó. Ìwé ìròyìn sọ wọ́n ní Teddy Boys, àwọn àgbà sì ń bẹ̀rù wọn. Ọmọ ọdún 18 tí kò ní nǹkan kan nílé a máa fi owó iṣẹ́ rẹ̀ san owó kóòtù kan díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí kò sì ń ṣe irú ìyẹn pàápàá ní télọ̀ tirẹ̀. Montague Burton, ọmọ Júù tó ṣí wá láti Lithuania, ló dá ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọjà rẹ̀ yá gan-an, nǹkan bí 10,000 òṣìṣẹ́ ló ń ránṣọ fún un ní Hudson Road ní ìlú Leeds. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó ń wa èédú lè wọ ṣọ́ọ̀bù Burton, kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n láti èjìká dé kókósẹ̀, kó sì padà wá gba kóòtù àti ṣòkòtò tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ogun parí, tí ìjọba ń fún àwọn sójà tó ń padà sílé ní aṣọ ọmọlúàbí, Burton wà lára àwọn tó rán púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Tommy Nutter. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1969, òun àti Edward Sexton, ọ̀gá nínú gígé aṣọ, ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ojúlé 35a, Savile Row. Nígbà náà, ńṣe ni àwọn ilé ìránṣọ àdúgbò náà máa ń bo fèrèsé wọn, kí ará ìta má baà rí inú. Nutter ṣí fèrèsé tirẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó pàtẹ ọjà sí i. Kọ́là rẹ̀ fẹ̀, èjìká rẹ̀ dúró, aṣọ oríṣi mẹ́ta ni ó sì lè pa pọ̀ sára kóòtù kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, àwọn olórin Beatles ya fọ́tò èèpo àwo orin wọn níbi tí wọ́n ti ń sọdá títì Abbey Road. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọ iṣẹ́ Nutter. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí okùn tó ní kí ẹ má sún mọ́ ọn. Títì ọba ni àfihàn náà ti wáyé, gbogbo ayé sì rí i. Nutter kú lọ́dún 1992. Ọdún 2011 ni Fashion and Textile Museum ní Bermondsey tó fi odidi àfihàn yẹ́ ẹ sí.

Àwọn ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé kò sùn látòkè délẹ̀ o. V&A gba Cecil Beaton, ayàfọ́tò, láyè láti kó aṣọ jọ lọ́dún 1971, ṣùgbọ́n ẹ̀wù àwọn obìnrin ọlọ́lá ló kún ibẹ̀. Lọ́dún 1994 ni ilé náà ṣe Streetstyle, tí aṣọ àwọn ọ̀dọ́ ìgboro fi wọlé.

Ti àwa ènìyàn dúdú tún pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ẹ wo fọ́tò àwọn ará Karibíà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun Empire Windrush ní Tilbury lọ́dún 1948: àkẹtẹ̀ wà lórí, táì wà lọ́rùn, ṣòkòtò gún régé. Ẹ wo ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nínú ẹgbẹ́ WASU tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ bá wọn dá sílẹ̀ lọ́dún 1925. Wọn kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ oge Ìlú Ọba. Síbẹ̀, ó di 2004 kí V&A tó ṣe Black British Style. Kó tó dìgbà yẹn, Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì dàgbà ní Èkó, ti fúnra rẹ̀ wọ aṣọ afínjú ayé Victoria, ó ya fọ́tò márùn-ún. Ní 1998 wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò ti lè ṣàì rí wọn.

Lónìí, ó yàtọ̀, mi ò sì ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ní 2023, Somerset House ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn The Missing Thread lórí oge àwọn ènìyàn dúdú, wọ́n sì gbé iṣẹ́ Joe Casely-Hayford, aránṣọ tó jẹ́ ọmọ-ọmọ àgbà òṣèlú kan ní Gold Coast, síwájú gbogbo èrò. Òun náà ti kú ní 2019. Ní V&A, nínú àfihàn Africa Fashion, Adeju Thompson tí ń gé aṣọ ní Èkó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, òwe wa ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ: Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí àfihàn ti ń pọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ń tì. Lọ́dún 2021, gbogbo ṣọ́ọ̀bù Burton kógbá wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tà fún àwọn tí ń pàtẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Hardy Amies, aránṣọ tó gbé aṣọ ọkùnrin síta fún ìwòran ní òtẹ́ẹ̀lì Savoy lọ́dún 1961, ilé ìránṣọ rẹ̀ ti pa ilẹ̀kùn dé ní 2019. Kóòtù àti ṣòkòtò tí ènìyàn gé, tó rán, tó sì jẹ́ kí oníǹkan wọ̀ wò léraléra, iṣẹ́ wákàtí 50 ó kéré tán ni. Ta ló fẹ́ dúró de ìyẹn mọ́? Kóòtù tó wà lára ère kì í tẹ igunpá, kì í fa òógùn mu, kò sì sí ẹni tó máa bọ́ ọ sórí àga lẹ́yìn ijó.

Ibi tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni Yunifásítì Westminster. Láti 2016 ni wọ́n ti ń kó aṣọ ọkùnrin jọ, tó fi mọ́ aṣọ iṣẹ́ àti ti ológun, wọ́n sì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yí i wò tinú tòde. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn Invisible Men ní 2019, púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n pàtẹ ni ẹnikẹ́ni ò tíì gbé síta rí.

Àwọn télọ̀ Savile Row a máa kọ orúkọ oníbàárà àti ọjọ́ sára àmì kékeré, wọn a sì rán an mọ́ inú àpò kóòtù. Ọ̀pọ̀ kóòtù tí bàbá wa wọ̀ ní Peckham tàbí ní Leeds kò ní in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ jogún wọn, ẹ má tíì gbé wọn fún ilé àánú. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́, ọdún tó rà á, àti ìlú tó ti rà á sórí ìwé, ẹ fi sínú àpò rẹ̀, kí ẹ tọ́jú fọ́tò ibi tó ti wọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ọn.