Ọ̀nà Fìdítì sí Ìlọra: Fún Ẹni Tí Ìwọ̀n Tó Fẹ́ Dín Kù Pọ̀

Ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ la fẹ́ jọ gbà lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ sókè létí àwọn ẹlòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ dín kílò mẹ́ta kù kí aṣọ ẹbí lè wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gun òṣùwọ̀n ní ọsibítù ni, tí wọ́n sọ fún un pé ogójì kílò ló yẹ kó kúrò lára rẹ̀, tó wá padà sílé, tó jókòó, tó ní, "Ogójì kílò! Ìgbà wo ni màá dín in tán? Ẹ jẹ́ n jẹun mi jàre." Òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ọmọ tó ń wo ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò mọ ohun tí òun lè sọ tí kò ní dà bí àrífín.

Bí ọkọ̀ yín bá kúrò ní Mọ́níyà, tó kọjá Ìròkò, Fìdítì lẹ máa bá ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio. Kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá tí kì í rántí èso. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ, máńgòrò nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó, etí títì ni wọ́n ń pàtẹ wọn sí. Ẹ dúró, ẹ rà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti bẹ́ ọsàn lórí, a ó fa omi rẹ̀ mu, a ó ju ìyókù sígbó. Ohun tó ń jẹ́ kí ikùn gbà pé òun ti yó wà nínú èyí tí ẹ jù sígbó yẹn. Ẹ la ọsàn náà, kí ẹ jẹ ẹran inú rẹ̀ mọ́ omi rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ méjì báyìí kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ẹ ó rí i pé òkèlè tí ẹ máa bù kò ní pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹyọ kan ti tó lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì fún omi rẹ̀ sínú ife mu. Ní ti mínírà, ṣúgà tó wà nínú ìgò kékeré 35cl kan lè tó ṣíbí tíì mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ta ló máa bu ṣíbí mẹ́jọ sínú tíì rẹ̀ lójú àlejò?

Ọsàn nìkan kọ́ ló jẹ́ kí n mú yín dúró ní Fìdítì o. Ẹ wo awakọ̀ tó ń gbé yín lọ. Ọ̀yọ́ ló ń lọ, ó sì mọ̀ pé Ọ̀yọ́ ṣì jìnnà. Ǹjẹ́ ẹ ti rí i kí awakọ̀ dúró ní Fìdítì kó máa sunkún pé òun ò tíì rí ààfin Aláàfin? Ìlú tó kàn ló ń wò. Bó bá dé ibẹ̀, ó tún wo èyí tó kàn. Ẹni tó ní ogójì kílò láti dín kù, bó bá tẹjú mọ́ ogójì yẹn lójoojúmọ́, kò ní lè dìde lórí àga.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìyá kan wọn kílò 115, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ kó yẹ kó wà ní 75. Bó bá ń dín ìdajì kílò lọ́sẹ̀, ó dára púpọ̀, síbẹ̀ ọgọ́rin ọ̀sẹ̀ ni, ó ju ọdún kan ààbọ̀ lọ. Àmọ́ ìdá 7 nínú 100 ti kílò 115 kò ju kílò mẹ́jọ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí oṣù karùn-ún tó wọlé, ó ti dé ìlú àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kí ló dé tí mo mú 7 nínú 100? Lọ́dún 2002, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 3,000, gbogbo wọn ló sanra jù, tí ṣúgà ara wọn sì ti ń gòkè, àmọ́ tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí, àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù sí ti àwọn tí wọn ò kọ́ ní nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ eléyìí: láàárín àwọn tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fi ìdá 71 dín kù. Wọn ò di òpẹ́lẹ́ńgẹ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì sanra. Ìlú àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n dé, ara wọn sì ti rí i gbà.

Ẹ tún wo ti orúnkún, èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ ìyá àgbà wa dúró sílé. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005 lórí àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn fi hàn pé kílò kan tó bá kúrò lára, ẹrù bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀. Kílò mẹ́jọ tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ di méjìlélọ́gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ má fi òṣùwọ̀n nìkan mọ̀ bóyá ẹ ń tẹ̀ síwájú. Ẹ ra ìwé ẹlẹ́wé ogójì táwọn ọmọ iléèwé ń lò. Lójú ìwé kan, ẹ kọ ìwọ̀n yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Lójú ìwé kejì, ẹ kọ ohun tí ara yín ń ṣe: mo forí kanlẹ̀ kírun láìjókòó sórí àga, mo gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ mi láìsinmi, mo de okùn bàtà mi fúnra mi. Ẹ sì ya téèpù lọ́wọ́ télọ̀, kí ẹ fi wọn ìbàdí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá ti ju íńṣì 35 lọ fún obìnrin, tàbí 40 fún ọkùnrin, ewu ti wà níbẹ̀. Nígbà míràn òṣùwọ̀n kò ní mì, ṣùgbọ́n téèpù á ti sún.

Nínú Afijio yìí kan náà, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Akínmọ̀ọ́rìn. N ò sọ pé mo mọ ìtàn orúkọ náà o, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ tó sanra jù, kó gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí. Rírìn ni oògùn tí kò gba owó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rìn létí títì márosẹ̀. Tírélà kì í mọ̀ pé nítorí ìlera lẹ ṣe jáde. Ẹ gba ojú ọ̀nà oko, ẹ gba àdúgbò, tàbí pápá iléèwé láàárọ̀ kùtù. Ẹni tí ò tíì rìn rí, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kó fi márùn-ún bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó sọ ọ́ di méje. Ẹ tún lè máa dìde kúrò lórí àga kí ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìfi ọwọ́ ti àga. Ó ń fún iṣan itan lágbára, iṣan náà ni kì í jẹ́ kí àgbà ṣubú. Bí àyà bá dùn yín tàbí tí èémí kò délẹ̀ mọ́, ẹ dúró, ẹ sì lọ rí dókítà.

Bí ẹ bá dé Ìlọra, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ nípa oko tí ìjọba ìwọ̀-oòrùn dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí fámù sẹ́tímẹ́ǹtì. Irú ohun tí wọ́n rí ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ni wọ́n fara wé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè máa dáko. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nígbà náà pé kí wọ́n ṣe eré ìmárale. Ẹsẹ̀ ló ń gbé wọn dóko, ọkọ́ ló sì ń mú òógùn jáde. Lónìí, ọ̀kadà ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìsọ̀, a ó sì jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Iye òkèlè kò yí padà, iṣẹ́ tó ń jó o ló lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Bó ṣe rí nílé tiwa nìyẹn, ìran wa ló sanra." Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tí orísun wọn jẹ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ìdá 16 nínú 100 níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó jẹ́ 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó sì jẹ́ 33 lára àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni wọ́n. Ìwọ̀n ara sì wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ ìran yín wí, ẹ fi ìran sílẹ̀ ná, kí ẹ wo àwo.

Àwo yẹn kò ní kó ṣófo o. Ẹ má fi àmàlà sílẹ̀, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ń jẹ mẹ́ta, ẹ jẹ méjì fún oṣù kan, kí ewédú pọ̀, kí epo dín kù. Ẹ má jáwọ́ nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, àgàgà ẹ̀yin àgbà, kí iṣan má bàa bá ọ̀rá lọ. Tíì àti àgbo tó ń mú kí èèyàn ya ìgbẹ́, omi ara ló ń dà nù, kì í ṣe ọ̀rá. Bí omi bá padà, ìwọ̀n á padà, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Wàyí o, ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà lọ́nà kì í ṣe ebi. Ẹnu èèyàn ni. Nílẹ̀ wa, "o mà ti sanra o" máa ń jẹ́ oríyìn, ó túmọ̀ sí pé ìgbádùn ti dé. Bí ìyá bá dín kílò mẹ́wàá kù, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Màmá, ṣé kò sí o? Ara yín mà ti jò." Àwọn míràn á ti rò ó sí àrùn tí wọn kì í dárúkọ. Ìyá ọ̀hún á délé, á wo dígí, á sì bu àmàlà mẹ́rin. Ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀: "Dókítà ló ní kí n dín in kù, orúnkún mi sì ti ń gbádùn." Kò sẹ́ni tó máa bá dókítà jiyàn. Bí ẹni tó gbà yín lálejò bá sì ń rọ̀ yín pé kí ẹ jẹ sí i, ẹ ní kó bá yín dì í. Ẹ ó jẹ ẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ara yín bá ń jò láìjẹ́ pé ẹ ń gbìyànjú rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ kíákíá.

Ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì nígbà tí òṣùwọ̀n bá dúró. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó máa dúró, fún gbogbo èèyàn. Ọkọ̀ kékeré kì í mu epo bíi tírélà. Ara tó ti fúyẹ́ náà kò nílò oúnjẹ tó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé "kò ṣiṣẹ́ mọ́" nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé kìkì kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn ló kù. Àní kí ẹ kàn dúró lójú kan láìtún sanra sí i fún oṣù méjì, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yẹn. Láti ọdún 1994 ni Rena Wing àti James Hill ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà tó dín tó kílò 13 ààbọ̀ kù tí kò sì padà fún ọdún kan ó kéré tán. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n gbà dín in, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ló ń jẹun àárọ̀, tí wọ́n ń gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, tí wọ́n sì ń lo ara wọn bíi wákàtí kan lójúmọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú káàdì yín dání. Bí ìwọ̀n bá ń wálẹ̀, oògùn tó bá yín mu lánàá lè pọ̀ jù fún yín lónìí, kí ṣúgà wá já wálẹ̀ kí òòyì sì máa kọ́ yín. Ẹ má dá oògùn dín kù fúnra yín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má se oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún màmá bí ẹni pé wọ́n ń fìyà jẹ wọ́n. Kí gbogbo ilé jẹ ìkòkò kan náà tí epo rẹ̀ ti dín kù. Ẹ má sì wàásù. Ẹ wọ bàtà yín láàárọ̀, kí ẹ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ kí àwọn ará ìsàlẹ̀." Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè rìn lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹ padà wá lọ́la, kí ẹ mú ọsàn Fìdítì mélòó kan dání.